Bí A Ṣe Ń Tọpa Ohun Tó Ń Ba Àwòrán Tẹlifíṣọ̀n Díjítà Jẹ́ Nínú Ilé Wa ní Ìbàdàn

Ìlú Ìbàdàn ti ń wo tẹlifíṣọ̀n láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé-iṣẹ́ WNTV. Àwọn àgbà mọ bí àwòrán àtijọ́ ṣe máa ń ṣe bí áńtẹ́nà bá yẹ̀: àwọ̀ á ṣá, ohùn á máa hó, ṣùgbọ́n a ṣì ń rí ẹni tó ń ka ìròyìn, a sì ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ti díjítà kò rí bẹ́ẹ̀. Dekóódà a máa tún àṣìṣe inú sígínà ṣe fúnra rẹ̀, nítorí náà àwòrán á mọ́ kedere títí dé ibi tí àṣìṣe náà ti pọ̀ ju ohun tó lè tún ṣe lọ. Ibẹ̀ ni àwòrán á ti fọ́ sí igun-igun, tí á dì, tí ojú tẹlifíṣọ̀n á sì ṣókùnkùn. Ilé kan lè máa wo àwòrán tó dára lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé díẹ̀ báyìí ló kù kí gbogbo rẹ̀ lọ. Tí òjò kékeré kan bá wá rọ̀, wọ́n á ní dekóódà ti bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé kí ó tó ka nọ́ńbà tó wà nínú dekóódà rẹ̀, kí ó má sì ra áńtẹ́nà tuntun kí ó tó yẹ wáyà àti orí wáyà wò. Wáyà ló ń dá ọ̀pọ̀ wàhálà yìí sílẹ̀, áńtẹ́nà ni a sì máa ń dá lẹ́bi. Ohun tó tẹ̀ lé èyí jẹ́ ọ̀nà tí a lè gbà wá ìdí ọ̀rọ̀ náà ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé, láti inú yàrá lọ sí ìta, kí owó má baà ṣòfò.

Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n?

Bí ẹ bá rí “No Signal” tó ń rìn káàkiri ojú tẹlifíṣọ̀n lórí àwọ̀ búlúù tàbí dúdú, tẹlifíṣọ̀n fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan kò dé ọ̀dọ̀ òun láti ara dekóódà: bóyá dekóódà kò tàn, bóyá wáyà HDMI ti yọ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ọmọ kan sì ti fi rìmóòtù yí i kúrò ní HDMI 1 sí HDMI 2 tàbí AV. Ẹ tẹ “Source” tàbí “Input” lórí rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì yan ojú ihò tí wáyà wà gan-an. Bí mẹ́nù dekóódà bá ti lè jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ìṣòro láàárín àwọn méjèèjì mọ́.

Bí ó bá jẹ́ dekóódà ló kọ̀wé, ẹ ka nọ́ńbà tó kọ. Lórí DStv, E16 ń sọ pé ìkànnì náà wà ní títì, èyí tó sábà máa ń jẹ mọ́ owó oṣù tó ti tán tàbí tí a san tí kò tíì hàn. Kò sí bí a ṣe lè yí díìṣì tí yóò ṣí i. E48 ló ń sọ pé sígínà kò wọlé, òun ló sì kan ìtọ́sọ́nà yìí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo irú dekóódà kan náà bóyá tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ti òun náà bá ti lọ, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé e jáde ni ìṣòro wà, ẹ fi ọwọ́ yín sílẹ̀. Ẹ tún wò ó bóyá gbogbo ìkànnì ló lọ tàbí díẹ̀ nínú wọn. Nínú ètò DVB-T2 tí Nàìjíríà ń lò fún díjítà orí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì ni a máa ń kó pọ̀ sórí ìgbì kan ṣoṣo tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 8 MHz. Nítorí náà, bí ìkànnì bíi mélòó kan bá jọ lọ lẹ́ẹ̀kan náà tí àwọn yòókù sì mọ́, orí ìgbì kan náà ni wọ́n sábà máa ń jọ wà, ìgbì náà nìkan sì ni áńtẹ́nà yín kò gbà dáadáa.

Ẹ ka nọ́ńbà méjèèjì

Nínú mẹ́nù dekóódà, lábẹ́ “Settings”, “Installation” tàbí “Signal Information”, ẹ óò rí ìlà méjì. Ìlà kan ni “Strength”, ìyẹn agbára sígínà. Èkejì ni “Quality”, ìyẹn ìdára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn agbára ni wọ́n máa ń wò, ṣùgbọ́n ìdára ló ṣe pàtàkì jù. Agbára ń sọ bí ohun tó wọlé ṣe pọ̀ tó, títí kan ariwo tí kò wúlò. Ìdára ń sọ iye rẹ̀ tí dekóódà lè lò.

Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò. Ẹ kọ ọ́ ní àárọ̀, ní alẹ́, nígbà tí òjò bá ń rọ̀, àti nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Láìsí ìwé yìí, ẹ kò ní lè mọ̀ bóyá àtúnṣe tí ẹ ṣe mú un dára sí i tàbí ó bà á jẹ́, nítorí pé ojú kò lè rí ìyàtọ̀ láàárín àwòrán tó wà ní 60 àti èyí tó wà ní 90. Kí ẹ má sì fi nọ́ńbà tiyín wé ti ilé mìíràn tó ń lo oríṣi dekóódà mìíràn, nítorí pé ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní bí ó ṣe ń ṣírò tirẹ̀.

Bí nọ́ńbà méjèèjì bá kéré, ẹ fura sí wáyà, orí wáyà, ibi tí áńtẹ́nà kọjú sí, tàbí ohun tó dí i lójú. Bí agbára bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìdára ń fò sókè sódò, sígínà ń kọlu ògiri tàbí òrùlé tó ń dá a padà, ariwo iná ń wọlé, tàbí búsítà (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ sígínà di ńlá) ti fún dekóódà ní ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Bí méjèèjì bá sì lọ sí 0 lójijì láìsí òjò, wáyà ti já tàbí iná kò dé ọ̀dọ̀ búsítà mọ́.

Wáyà àti orí rẹ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù. Ẹ pa dekóódà, ẹ yọ okùn iná rẹ̀, kí ẹ tó tú wáyà áńtẹ́nà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú orí wáyà náà wá sí ibi ìmọ́lẹ̀. Bàbà tó wà láàárín yẹ kí ó máa dán, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó sì yọ kọjá etí irin orí wáyà ní nǹkan bíi mìlímítà 2 sí 3. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé tàbí dúdú, omi ti wọ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí a hun yí ike funfun inú rẹ̀ ká. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí ó bá tẹ̀ síwájú tí ó sì kan bàbà àárín, ti tó láti pa gbogbo sígínà. Ojú kì í tètè rí i. Ẹ fi iná fóònù tàn án.

Bí orí wáyà bá ti bàjẹ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ gé e kúrò, kí ẹ gé wáyà náà sẹ́yìn títí ẹ óò fi dé ibi tí bàbà ti ń dán, kí ẹ wá fi orí tuntun sí i. Owó orí wáyà kò tó nǹkan, ẹ sì lè rí i rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò tẹlifíṣọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ ra wáyà tuntun, RG6 oní-75 ohm ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì bẹ oníṣòwò náà kí ó gé etí rẹ̀ kí ẹ rí inú rẹ̀: okùn híhun inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ̀ dáadáa, kí ó má jẹ́ ẹyọ bíi mélòó kan tó tú ká.

Ẹ wá tọ wáyà náà láti ẹ̀yìn dekóódà dé òrùlé. Ẹ wá ibi tí eku ti jẹ ẹ́ nínú àjà, ibi tí fèrèsé ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ibi tí a ti tẹ̀ ẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, àti ní pàtàkì, ibi tí ẹnìkan ti so wáyà méjì pọ̀ nípa lílọ́ wọn mọ́ra tí ó sì fi téèpù dúdú wé e. Irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbé iná gílóòbù, ṣùgbọ́n kò lè gbé sígínà tẹlifíṣọ̀n dáadáa. Tí òjò oṣù Kẹfà bá sì ti kàn án, ó parí. Bí ìsopọ̀ bá pọn dandan, ẹ fi orí sí etí méjèèjì, kí ẹ lo irin kékeré tí a fi ń so orí wáyà méjì pọ̀, kí ẹ sì fi téèpù tí omi kò lè gbà kọjá wé e.

Gígùn wáyà náà ní ohun tó ń ṣe. Ní agbègbè ìgbì 600 MHz tí tẹlifíṣọ̀n ń lò, RG6 tó tó nǹkan bíi mítà 17 sí 20 yóò ti jẹ ìdajì agbára sígínà kí ó tó dé dekóódà. Bí ẹ bá tún fi ohun tí a fi ń pín wáyà sí méjì kí yàrá kejì lè máa wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan á gbà tó dín sí ìdajì ohun tó kù. Nítorí náà, ẹ má ká mítà mẹ́wàá tí ẹ kò lò jọ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n; ẹ gé e kúrò. Níbi tí wáyà bá ti ń wọ ilé, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ìkọ́ kí ó tó gòkè wọ ihò ògiri, kí omi òjò lè kán sílẹ̀ níta dípò kí ó tọ wáyà wọlé.

Àyẹ̀wò kan wà tó níye lórí ju gbogbo èyí lọ. Ẹ gbé dekóódà àti tẹlifíṣọ̀n kékeré kan lọ sí ibi tó sún mọ́ áńtẹ́nà jù lọ tí ẹ lè dé láìséwu, bíi bákónì òkè, kí ẹ fi wáyà kúkúrú tuntun so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì ka nọ́ńbà. Bí ìdára bá fò sókè, áńtẹ́nà kò ní ẹ̀bi kankan. Wáyà tó lọ sínú ilé ni kí ẹ pààrọ̀. Bí nọ́ńbà bá wà bákan náà, ẹ lè wá gbójú sókè.

Kí ẹ tó gun òkè

Ẹ wo ibi tí wáyà iná NEPA gbà kọjá. Bí opó áńtẹ́nà bá lè kan wáyà iná nígbà tó bá ṣubú sí ìhà èyíkéyìí, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Iná kò gbọdọ̀ pa ẹnikẹ́ni nítorí bọ́ọ̀lù tàbí fíìmù. Ẹ má gun òrùlé nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, nígbà tí páànù bá tutù, tàbí nígbà tí kò bá sí ẹni tó di àkàbà mú nísàlẹ̀. Ẹ rìn lórí ibi tí ìṣó wà, nítorí pé igi wà lábẹ́ rẹ̀; páànù tó ti dógùn-ún lè já lábẹ́ ẹsẹ̀.

Áńtẹ́nà: ibi tó wà àti ibi tó kọjú sí

Ìbàdàn jẹ́ ìlú òkè àti àfonífojì. Ilé tó wà ní Mápó tàbí Òkè Àrẹ̀mọ ń rí ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n èyí tó wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá odò Ògùnpa tàbí Kúdẹtì lè ní òkè kan láàárín òun àti ibi tí sígínà ti ń wá. Sígínà UHF, ìyẹn irú ìgbì tí tẹlifíṣọ̀n díjítà orí ilẹ̀ ń lò, fẹ́ràn ọ̀nà tó ṣí gbangba. Fún ilé inú àfonífojì, opó tó ga díẹ̀ sí i sábà máa ń ṣe ohun tí áńtẹ́nà olówó ńlá kò lè ṣe.

Páànù ni ọ̀tá tó tẹ̀ lé òkè. Irin ni, sígínà kì í gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì máa ń dá a padà sí oríṣiríṣi ìhà. Áńtẹ́nà tó wà nínú àjà lábẹ́ páànù, tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n nínú yàrá tí ferese rẹ̀ ní irin, ń jìyà lásán. Ẹ gbé e síta, kí ó ga ju góńgó òrùlé lọ ní mítà kan ó kéré tán. Ẹ tún ronú nípa ohun tó yí padà ládùúgbò: ilé alájà méjì tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́, táńkì omi tí a gbé sórí ọwọ̀n irin, igi máńgòrò tó ti ga ju bó ṣe wà nígbà tí ẹ so áńtẹ́nà. Ewé tó kún fún omi òjò ń gba sígínà mu ju ewé gbígbẹ lọ, ìdí sì nìyí tí àwòrán kan fi máa ń lọ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Láti mọ ibi tí ẹ óò kọjú áńtẹ́nà sí, ẹ wo ti àwọn aládùúgbò tí tiwọn ń ṣiṣẹ́ tó sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ kan náà. Ẹ wo ìhà tí wọ́n kọjú sí, kí ẹ sì wò ó bóyá àwọn ọ̀pá kéékèèké ara rẹ̀ dùbúlẹ̀ tàbí wọ́n dúró lóòró. Bí tiyín bá dùbúlẹ̀ tí tiwọn sì dúró, ẹ yí i. Ohun kan yìí lè jẹ́ gbogbo ìṣòro náà.

Ẹ yí áńtẹ́nà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá lẹ́yìn ìyípo kọ̀ọ̀kan, nítorí pé nọ́ńbà dekóódà máa ń lọ́ra kí ó tó yí padà. Ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nínú yàrá gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ máa ka nọ́ńbà, kí ó má kàn sọ pé ó ti dára.

“Bàbá, ìdára ti di 62.”

“Ṣé kò lọ sílẹ̀?”

“Rárá, sà, ó dúró. Ẹ má tíì fọwọ́ kàn án.”

“Ó dáa, mo fẹ́ yí i sí ọ̀nà Bódìjà díẹ̀. Máa kà á lọ.”

Ẹ yí i kọjá ibi tó dára jù títí nọ́ńbà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, kí ẹ wá dá a padà sí àárín. Bí yíyí kò bá ràn án lọ́wọ́, ẹ gbé áńtẹ́nà náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní ìwọ̀n ààbọ̀ mítà. Ní 600 MHz, gígùn ìgbì kan jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, nítorí náà ibi tí sígínà tó tààrà àti èyí tó ti ara páànù padà ti ń pa ara wọn lè sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ran ara wọn lọ́wọ́ pẹ́kípẹ́kí.

Bí ó bá ti dúró síbi tó dára, ẹ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pinpin, kí ẹ sì wá ìkànnì lọ́tun nínú mẹ́nù.

Búsítà, iná, àti ariwo

Búsítà kì í dá sígínà sílẹ̀. Ohun tó bá wọlé ló ń sọ di ńlá, pẹ̀lú ariwo inú rẹ̀. Ó wúlò bí sígínà bá dára lórí òrùlé ṣùgbọ́n tí wáyà gígùn ń jẹ ẹ́, ẹ̀bá áńtẹ́nà ló sì yẹ kí ó wà, kì í ṣe ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Bí ilé yín bá sún mọ́ ibi ìgbéjáde, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wo nọ́ńbà. Ìdára lè lọ sókè. Àwọn áńtẹ́nà kan ní búsítà nínú, láti ara dekóódà ni iná rẹ̀ sì ti ń wá. Bí ẹnìkan bá ti pa “Antenna Power” nínú mẹ́nù, tàbí tí ohun tí a fi pín wáyà kò jẹ́ kí iná kọjá, áńtẹ́nà náà kò ní ṣiṣẹ́.

Bí àwòrán bá ń fọ́ ní àkókò kan náà lálaalẹ́, ẹ pa àwọn nǹkan ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ máa ka ìdára: gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, ṣájà, ẹ̀rọ ìnfátà, jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lábẹ́ fèrèsé. Èyí tí nọ́ńbà bá gòkè lẹ́yìn tí ẹ pa á ni ó ń fa ariwo. Ẹ gbé wáyà jìnnà sí i. Ọ̀pá fóònù tó wà nítòsí náà lè fa irú rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú ìgbì 4G ní Nàìjíríà wà ní agbègbè 700 àti 800 MHz. Asẹ́ kékeré kan (“filter”) wà tí a fi ń sẹ́ ẹ dànù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ búsítà. Bí dekóódà bá sì ń pa tí ó ń tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá rẹlẹ̀, sitẹbiláísà ló ń fẹ́.

Fún àwọn tó ń lo díìṣì

Ìlànà wáyà àti orí wáyà kò yí padà. Fún DStv, sátẹ́láìtì náà wà ní ìwọ̀n 36 ní Ìlà-Oòrùn, èyí tó túmọ̀ sí pé láti Ìbàdàn, díìṣì gbọ́dọ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn, kí ó tẹ̀ sí gúúsù díẹ̀, ní nǹkan bí ìwọ̀n 101 lórí kọ́ńpáàsì. Sátẹ́láìtì náà ga tó ìwọ̀n 52 sókè, ṣùgbọ́n díìṣì kò ní dà bí èyí tó gbójú sókè tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀pá tó di LNB (orí kékeré tó ń gba sígínà níwájú díìṣì) mú ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, bí ilé gíga tàbí igi bá wà ní ìhà ìlà-oòrùn yín gan-an, ibẹ̀ ni kí ẹ wò. Ẹ yẹ ojú LNB wò bóyá ike rẹ̀ ti ya tàbí agbọ́n ti kọ́lé sí i.

Òjò ńlá yóò pa á fún ìgbà díẹ̀, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí òjò winniwinni bá ń pa á, díìṣì kò kọjú síbi tó yẹ dáadáa. Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú: ní nǹkan bí àárín oṣù Kẹta àti ìparí oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń gba ẹ̀yìn sátẹ́láìtì náà kọjá, àwòrán á sì lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láàárín aago mẹ́wàá àti mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má tú nǹkan kan. Á padà fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá pe oníṣẹ́

Ẹ fi ìwé nọ́ńbà yín hàn án kí ó tó gun òkè, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ ti yẹ̀ wò. Ẹ ní kí ó ka ìdára sí etígbọ̀ọ́ yín kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì tún kà á lẹ́yìn tó bá parí. Kí ẹ tó san owó rẹ̀, ẹ wò ó bóyá nọ́ọ̀tì díìṣì tàbí áńtẹ́nà le dáadáa, bóyá orí wáyà tó wà níta ti gba téèpù, bóyá wáyà sì rọ̀ sílẹ̀ kí ó tó wọ ògiri. Bí ó bá ní dandan ni kí ẹ ra áńtẹ́nà tuntun, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ fi wáyà kúkúrú so èyí tó wà lórí òrùlé mọ́ dekóódà níbẹ̀, kí ẹ jọ wo nọ́ńbà tí yóò jáde.